Ìmọ̀ràn Tí Mo Fún Bàbá Sènámì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò ní sọ orúkọ mi. Olùkọ́ ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní agbègbè Badagry. Bí mo bá sọ orúkọ mi, wọ́n á mọ ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì dé etí rẹ̀ kí n tó pinnu bóyá kó gbọ́ tàbí kó má gbọ́. Mo ti yí orúkọ àwọn tó kù padà.

Ohun kan wà tí mo ṣe sí ọmọ kan. Mi ò nà án. Mi ò jí nǹkan rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni mo fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà gba ìmọ̀ràn mi, ó dúpẹ́, ó sì ń dúpẹ́ títí tó fi kú.

Mi ò sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo le lọ́kàn. Ẹkún náà ni kò wá. Ńṣe ni ibẹ̀ kú lára mi bí ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, àfi bíi pé ara ẹlòmíì ni mò ń fọwọ́ kàn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ náà, tó ti di ìyá ọmọ, wá sílé mi láìpẹ́ yìí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi, mo sì tún purọ́ fún un. Mo ti rò pé mo ti parí irọ́ pípa lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì parí rẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé etí òkun, wọ́n sì gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Físíìsì ni mò ń kọ́ wọn. Ègùn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láti Àjídò ni wọ́n ti ń wá, láti Kankon, láti àwọn abúlé etí ọ̀sà.

Bùsọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà nínú kíláàsì yẹn. Ẹni tó jókòó tì í ni Sènámì. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí Bùsọ́lá bá gbé oúnjẹ wá, àwọn méjèèjì ló máa jẹ ẹ́. Bí Sènámì bá mú àgbọn wá, ó máa mú tèmi náà wá.

Apẹja ni bàbá Sènámì ní Àjídò. Ó ní ọkọ̀ ojú omi méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Kò ní ọmọ ọkùnrin tó dàgbà, nítorí náà Sènámì ló ń bá a lọ sórí omi. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n lọ wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. A dé àárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì kú. Bùsọ́lá di ọwọ́ mi mú. Sènámì lọ sí ìdí ọkọ̀, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà. Bàbá rẹ̀ jókòó, ó ń wò ó.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Mádàámù," ó sọ fún mi. "Èmi ni mo ni ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n òun ló gbọ́ èdè rẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì náà dún. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn. Mi ò kórìíra ọmọ náà rí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn yunifásítì kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Mo ní owó ibẹ̀ kò tó ti àwọn aládàáni rárá, pé ẹni tó bá jáde níbẹ̀ á mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan, kì í ṣe ẹnu lásán. Mo sọ ọ́ fún kíláàsì, ṣùgbọ́n Bùsọ́lá àti Sènámì ni mò ń wò. Àwọn méjèèjì mú yunifásítì kan náà. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ìdánwò àṣewọlé.

Sènámì yege. Wọ́n gbà á láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bùsọ́lá kò yege.

Ọ̀sán ni Sènámì sáré wá sílé wa láti wá sọ fún wa. Kò tíì mọ̀ pé Bùsọ́lá ti rí èsì tirẹ̀. Bùsọ́lá dì mọ́ ọn, ó bá a yọ̀, ó ń fò sókè. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ. Mo bu oúnjẹ fún Sènámì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́, ó lọ.

Mo jókòó sí ilé ìdáná. Mo ń retí kí nǹkan ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí. Ará ilé mi kò rí àyípadà kankan lójú mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Bùsọ́lá jáde wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ìrẹsì. Ó ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ àwa méjèèjì?"

Kò fi bú mi. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bíi pé ẹnìkan ń ka ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn. Mo ti kọ́ ọmọ apẹja, ó ti mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ ọmọ tèmi, kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń kọ́ni fún oúnjẹ òòjọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní ẹgbẹ́ kan wà, ti àwọn ọmọ Badagry tó wà lókè òkun, tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ agbègbè yìí tó bá wọ yunifásítì fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí wọ́n san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un títí tó fi máa jáde. Ó ní, "Mádàámù, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ yìí. Ṣé a rí ẹni tó wọlé lọ́dún yìí?"

Mo ní, "A ò tíì rí, sà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo jáde, mo lọ sí kíláàsì, mo kọ́ wọn ní bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Mo kọ́ wọn dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ibi tó burú jù ló kù yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bàbá Sènámì wá sílé wa. Ó wọ bùbá funfun. Ó gbé ẹja yíyan wá nínú apẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kò sí nílé. Bàbá náà kò fẹ́ jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó ní ẹja ń rùn lára aṣọ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó.

Ó ní, "Mádàámù, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ délé. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó má lọ, pé ta ni yóò máa bá òun yan ẹja. Mo ní a máa bi Mádàámù. Ohun tí Mádàámù bá sọ la máa ṣe."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ mọ̀, bàbá?"

Ó ní, "Bí mo bá ta ọkọ̀ kan àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó lè lọ. Yóò ku ọ̀kan. Ọ̀kan ò tó bọ́ wa, ṣùgbọ́n a máa ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, tó bá jáde, kí ni yóò dà? Ṣé ohun tó máa mú wá á tó ọkọ̀ tí a tà?"

Ìbéèrè náà dára. Ó dára ju ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí àwọn òbí tó kàwé máa ń bi mí lọ. Mo jókòó, mo sì dá a lóhùn bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Mo sọ fún un pé àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń yanṣẹ́lódì, pé ohun tó yẹ kó gba ọdún márùn-ún lè gba méje. Mo sọ fún un pé owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́, pé ilé tó máa gbé wà, oúnjẹ wà, ìwé wà, kọ̀ǹpútà wà, ọkọ̀ tó máa wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀ wà. Mo bi í bóyá ó mọ àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Seme. Ó ní òun mọ̀ wọ́n. Mo ní kó lọ bi wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti yunifásítì jáde.

Ó mi orí. Ó ní, "Òótọ́ ni."

Òótọ́ ni. Ohun tó ń dá mi lágara nìyẹn. Bí ẹ bá kó gbogbo ohun tí mo sọ jọ, òótọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo kàn yọ ìyókù kúrò. Mi ò sọ fún un pé mo mọ àwọn tó jáde níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ń kọ́ ilé fún òbí wọn. Mi ò sọ fún un pé ọmọ tó ní irú ọwọ́ tí Sènámì ní kì í pọ̀. Mo tún fi irọ́ gidi kún un. Mo ní àwọn oníléeṣẹ́ kì í gba obìnrin sídìí ẹ̀rọ.

Ó ní, "Ṣé kò wá sí ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́? Ìjọba? Ẹgbẹ́?"

Mo ní, "Kò sí, bàbá."

Ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Tó bá jẹ́ Bùsọ́lá ńkọ́, Mádàámù? Ṣé ẹ máa jẹ́ kó lọ?"

Mo ní, "Mi ò ní jẹ́ kó lọ."

Ó mí kanlẹ̀. Kò bínú. Ó dà bíi pé ẹnìkan sọ ẹrù kalẹ̀ fún un. Ó ní, "Mawu, Ọlọ́run wa, á san yín lẹ́san, Mádàámù. Ẹlòmíì ì bá jẹ́ kí n ta ọkọ̀ mi." Ó dìde, ó sì lọ.

Sènámì wá dá àwọn ìwé mi tí mo yá a padà fún mi ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti fi pépà aláwọ̀ ilẹ̀ bò wọ́n kí wọ́n má baà ya. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá ní ẹ ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àwọn. Ẹ ṣé, mà." Ojú rẹ̀ gbẹ. Tèmi náà gbẹ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bùsọ́lá tún ìdánwò náà ṣe. Ó yege. Yunifásítì kan náà ló gbà á, fún ẹ̀kọ́ kan náà. Mo jẹ́ kó lọ.

Mo sọ fún àwọn ará Àjídò tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ pé ó ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Adó-Èkìtì láti kọ́ṣẹ́. Bùsọ́lá fẹ́ lọ dágbére fún Sènámì. Mo ní kó má lọ, pé inú Sènámì kò dùn, pé kó fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn parí síbẹ̀. Sènámì kò mọ ohun tó ṣẹ̀. Bùsọ́lá náà rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́ nípa wíwọlé tó wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìyà ń jẹ Sènámì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ yan ẹja. Ó fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Seme. Ó ti bímọ. Ó ní ààrò ẹja tirẹ̀, ó sì ní àwọn oníbàárà tó ń wá láti Kutonu. Èéfín ti mú ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹun kánú. Bí ẹ́ńjìnnì ẹnìkan bá kú ní Àjídò, òun ni wọ́n ṣì ń lọ pè. Wọ́n á fún un ní ẹja, á gbà á.

Ìjì kan sì wá jà lọ́dún kan. Ó gbé ọ̀kan nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó fọ́ ọ mọ́ èbúté. Èkejì ló ṣẹ́ kù tí wọ́n fi ń jẹun. Bàbá náà wá sílé mi nítorí rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti ta ọ̀kan ni, ọwọ́ òun ì bá ti ṣófo. Ó ní èmi ni mo gba ilé òun là. Ó ń sọ ọ́ kiri. Àwọn bàbá mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi fún ìmọ̀ràn lórí ọmọ wọn.

Gbogbo àwọn yẹn, mo sọ òótọ́ fún. Mo máa ń gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú wọn, ohun tó máa ná wọn àti ohun tó lè mú wá. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ọmọ náà fẹ́ràn. Mo sọ fún àwọn kan kí wọ́n lọ, mo sọ fún àwọn kan kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ń pè mí ní olóòótọ́.

Ti Bùsọ́lá kò rọrùn. Ìyanṣẹ́lódì dá a dúró léraléra. Nígbà tó jáde, ó ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya, ó padà wálé, iṣẹ́ kò sí. Ó ń ta bàtà lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ó ń din dòdò lọ́wọ́, kò wojú mi, ó ní, "Màmá, ṣé èrè wà nínú gbogbo wàhálà yẹn ṣá?"

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọn kò sì gbà á, nǹkan kan máa ń dẹ̀ nínú mi. Mo máa ń rò ó pé bí ìwé náà kò bá wúlò, a jẹ́ pé mi ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ Sènámì. Ọmọ tí mo bí ni. Ó ń sunkún nínú yàrá, ara sì ń tù mí nínú pálọ̀.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, iléeṣẹ́ kan ní ọ̀nà Agbára gbà á sídìí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ó ti di ọ̀gá lórí àwọn kan báyìí. Owó náà kì í ṣe owó gọbọi, ṣùgbọ́n bó bá wálé tó ń ròyìn bí ẹ̀rọ kan ṣe dákẹ́ tí òun sì jí i, ojú rẹ̀ máa ń yàtọ̀. Mo máa ń dìde lọ bu omi.

Bàbá Sènámì kú ní àìpẹ́ yìí. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n fi mí jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni Sènámì wá sílé mi. Ó mú àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, Mauyọ̀n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Mauyọ̀n ti wọlé sí yunifásítì kan náà, fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Sènámì ló dà bí bàbá fún un báyìí.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin la wá bá. Bàbá ò sí mọ́. Bí ẹ ṣe la ọ̀rọ̀ yé bàbá nígbà yẹn, ẹ là á yé wa. Ọkọ̀ tó kù yẹn la máa tà."

Mo wo ọmọbìnrin náà. Mo bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ó dáhùn dáadáa. Mo ní kó lọ. Mo ní yunifásítì ìjọba kò wọ́n tó ti aládàáni, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà tí ènìyàn lè jókòó ní Àjídò ṣe fún ẹni tó wà lókè òkun. Mo ní ìyà díẹ̀ á wà, ṣùgbọ́n kó lọ.

Sènámì gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ìyanṣẹ́lódì tí ẹ sọ fún bàbá ńkọ́, mà?"

Mo ní, "Ó ṣì wà."

Ó ní, "Àwọn tó kàwé ṣì ń ṣẹ́ owó ní Seme. Ọkọ mi ń gbé wọn lójoojúmọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Kí ló wá yàtọ̀?"

Kò fi bínú sọ ọ́. Ìbéèrè lásán ni, bíi ti ìgbà tó wà ní kíláàsì tó máa ń nawọ́ sókè. Mo sì ní, "Ayé ti yí padà, Sènámì."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa, mà. Bóyá ìgbà tèmi ni kò tíì tó." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Mo tọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Badagry yẹn lọ fúnra mi. Wọ́n ṣì wà, wọ́n ṣì ń gba ọmọ. Mo sọ fún wọn nípa Mauyọ̀n, wọ́n rí i, wọ́n gbà láti san owó rẹ̀. Mo rò pé ara á tù mí. Ara kò tù mí, kò sì ni mí.

Sènámì wá dúpẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní kó dìde. Bó ṣe fẹ́ jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Àǹtí, ẹgbẹ́ yìí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é?"

Mo ní, "Kò tíì pẹ́ púpọ̀."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó gun ọ̀kadà ọkọ rẹ̀, wọ́n lọ.

Mauyọ̀n máa tó lọ sí yunifásítì náà. Ẹgbẹ́ náà máa pe àwọn ọmọ àti ẹbí wọn jọ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n á ròyìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á dárúkọ àwọn tí wọ́n ti ràn lọ́wọ́. Sènámì á jókòó níbẹ̀. Ó mọ ìṣirò dáadáa. Bùsọ́lá náà ti ní òun fẹ́ wálé, òun fẹ́ wá Sènámì lọ, pé ọ̀rọ̀ ìgbà èwe ti tó kó tán.

Mo bi olùkọ́ àgbà kan tí mo fọkàn tán, mi ò sọ pé èmi ni. Ó ní kí ẹni náà pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé ìgbésí ayé obìnrin yẹn ti rójú, pé ta ni ọ̀rọ̀ náà máa ṣe láǹfààní bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Mo rò ó, ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fi ohun tó jọ òótọ́ ṣe ibi rí.

Ọkọ mi kò mọ̀. Bùsọ́lá kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀, nítorí náà mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹnìkan tí mo lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti kú, ó sì kú pẹ̀lú ọpẹ́ lẹ́nu. Ó ku ẹnìkan. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ má sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀yin bá jẹ́ Sènámì, tí ẹ ń yan ẹja yín, tí ẹ ń tọ́ ọmọ yín, tí ẹ sì ti gbà pé ìgbà tiyín ni kò tíì tó, ṣé ẹ máa fẹ́ kí ẹnìkan wá sọ fún yín pé ó ti tó?